Apèéṣẹ́ àti Ìjánu Rẹ̀

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni ẹ mọ̀ mọ́ mi. Bí ẹ bá wá gbọ́ lónìí pé ọ̀rọ̀ bátìrì, wáyà àti iná ni mo fẹ́ sọ, ẹ má ṣe rò pé mo ṣìnà. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ tí a bá fi pe nǹkan lè là wá lójú, ó sì lè dí wa lójú; àti pé ẹni tí kò bá lè fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ náà kò tíì di tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ fi gbà á. Bátìrì kan tí a ti lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán wà nínú rẹ̀. Òrùka dúdú kan tí a ń pè ní ferrite wà níbẹ̀, wáyà méjì ni a sì wé mọ́ ọn. Ó ku tìráńsísítọ̀ kan, rẹ̀sísítọ̀ kan àti LED funfun kan. LED funfun ń fẹ́ nǹkan bíi fọ́ltì 3 kí ó tó tàn dáadáa. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tuntun kò ju fọ́ltì 1.5 lọ, èyí tí a ti lò lè má ju 1 lọ. Síbẹ̀, bí a bá so gbogbo wọn pọ̀ bí ó ti yẹ, iná yóò tàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, Z. Kaparnik gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Everyday Practical Electronics ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo ni 1 ṣe di 3? Ẹ wo ẹni tí ó ń sáré bọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ gbòǹgbò lójijì. Ẹsẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ara kò lè dúró. Agbára eré náà a gbé e síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni iná rí nínú wáyà tí a wé. Tìráńsísítọ̀ ni ilẹ̀kùn. Bí ó bá ṣí, iná a máa ṣàn gba inú wáyà kìíní, agbára a sì máa kó jọ sínú òrùka. Wáyà kejì ń ran ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́ kí ó lè ṣí gbagada. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùka tàbí tìráńsísítọ̀ bá dé òpin ohun tí ó lè gbà, wáyà kejì yìí kan náà a yí padà, a sì ti ilẹ̀kùn pa. Iná tí ń ṣàn kò lè dúró lẹ́sẹ̀kan náà. Fọ́ltì rẹ̀ a ga sókè títí yóò fi rí ọ̀nà, inú LED ni yóò sì gbà jáde. Èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ojú wa kò rí i pé iná náà ń ṣẹ́jú.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pè é ní Joule thief. Wọ́n fi orúkọ náà dápàárá ni, nítorí pé joule, òṣùwọ̀n agbára tí a fi orúkọ James Prescott Joule sọ, jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye létí. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n bí àwa bá túmọ̀ rẹ̀ sí olè, a ṣi ẹ̀rọ náà mú. Kò jí nǹkan kan. Milliampere 90 ní fọ́ltì 1 kò lè ju milliampere 30 lọ ní fọ́ltì 3. Bí fọ́ltì ṣe ń ga ni ìṣàn ń dín, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ a sì tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, a sọ ọ́ di ooru. Ìyókù tí tọ́ọ̀ṣì kò lè lò mọ́ ni ó ń ṣà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ń ṣa ìyókù lóko lẹ́yìn ìkórè: apèéṣẹ́ ni. Orúkọ tí èmi fi ń pè é nìyẹn.

Ṣùgbọ́n apèéṣẹ́ yìí ní àléébù kan: kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Mo fi dáyóòdù àti kàpásítọ̀ kún tèmi kí iná rẹ̀ lè dúró ṣinṣin. Nígbà tí ó yá, mo yọ LED kí n lè wọn fọ́ltì rẹ̀. Bí iná kò ti rí ọ̀nà jáde mọ́, ó ń gun orí ara rẹ̀ nínú kàpásítọ̀ títí ó fi ré kọjá fọ́ltì 20. Mo dá LED padà sí àyè rẹ̀. Ó kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kí ni ìjánu rẹ̀? Èyí tí ó rọrùn jù ni pé kí a fi rẹ̀sísítọ̀ tí ó ṣeé yí, irú èyí tí a fi ń dín ohùn rédíò kù, rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ohm 1,000. Bí ohm rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iná yóò máa rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àbáwọlé nìkan ni èyí ń ṣọ́. Kò mọ ohun tí ń jáde. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi dáyóòdù Zener sí ẹnu àbájáde, kí ó máa da èyí tí ó bá pọ̀ jù nù. Ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni èrè apèéṣẹ́ tí ó ń da ọkà sílẹ̀ lójú ọ̀nà?

Ọ̀nà kẹta ni mo fara mọ́: kí àbájáde máa ròyìn fún àbáwọlé. A ó fi rẹ̀sísítọ̀ ohm 33 sí abẹ́ LED, a ó sì mú tìráńsísítọ̀ kejì wá tì í. Nígbà tí ìṣàn bá tó nǹkan bíi milliampere 18, fọ́ltì orí rẹ̀sísítọ̀ náà a tó 0.6, èyí a jí tìráńsísítọ̀ kejì, òun náà a sì fa oúnjẹ kúrò lẹ́nu ti àkọ́kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìṣàn ni a ń wọ̀n, kì í ṣe fọ́ltì, nítorí pé bí fọ́ltì LED bá fi díẹ̀ péré lé, ìṣàn rẹ̀ a fò sókè.

Bí LED bá wá já ńkọ́? Ìṣàn dópin, ìròyìn dópin, àgbà kò sì gbọ́ nǹkan kan. Níbí ni Zener ti tún níṣẹ́, kì í ṣe láti da nǹkan nù, bí kò ṣe láti gbé ìròyìn fọ́ltì lọ sí etí àgbà. Bí a bá fi rẹ̀sísítọ̀ ohm 1,000 sí ojú ọ̀nà tí ìròyìn ìṣàn ń gbà wá, Zener fọ́ltì 5.1 yóò dá àbájáde dúró ní nǹkan bíi fọ́ltì 5 sí 6.

Gbogbo ìjánu yìí, ọ̀rọ̀ méjì péré ni: ó tó. Ẹ̀rọ tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò jó ohun tí ó yẹ kí ó tàn.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ètò náà ti parí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ parí. A yá tìráńsísítọ̀ lò, kò sì burú. Ṣùgbọ́n pèéṣẹ́, ìjánu àti ó tó ti wà nílé kí bátìrì tó dé. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọmọ tí ó bá so ẹ̀rọ yìí lè jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìyá náà sì bi í ní ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ọ́ pọ̀ lóko èdè wa. Àwa ni a kò tíì pèéṣẹ́ níbẹ̀ tó.