Àkọtọ́ Tí Ojú Kò Rí: Okùn Lẹ́tà Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa inú kọ̀ǹpútà. Orin ni ó gbé mi débẹ̀.

Mo gba orin sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Ọ̀kà. Ìyá náà ti dolóògbé. Mo fi àwọn orin náà sínú fáìlì kan tí mo sọ ní Àkùngbá, nítorí pé níhìn-ín ni mo ti ṣe àdàkọ wọn. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ orúkọ fáìlì náà lórí kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹ̀rọ ní kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà wà níwájú mi gedegbe. Àyà mi já.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gbogbo ohun tí a bá kọ sínú kọ̀ǹpútà a máa di nọ́ńbà kéékèèké tí à ń pè ní báìtì, tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn. Báìtì òdo ni ó máa ń fi òpin okùn hàn. Nínú Linux, iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní kernel, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ekùrọ́. Kernel ní àwọn ìlànà kúkúrú tí ń ka gígùn okùn, tí ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí ó sì ń fi okùn méjì wéra. Ìgbà gbogbo ni ẹ̀rọ ń lò wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ọ̀nà láti mú wọn yára.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. RISC-V jẹ́ ìlànà fún ṣíṣe prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Láyé àtijọ́, kernel a máa ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn prósẹ́sọ̀ tí ó ní àfikún Zbb ní àṣẹ kan, orc.b, tí ó lè yẹ báìtì 8 wò lẹ́ẹ̀kan náà bóyá òdo wà láàárín wọn. Láti Linux 6.3, tí ó jáde ní 2023, kernel a máa yẹ prósẹ́sọ̀ wò nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Bí Zbb bá wà, yóò gba ọ̀nà yíyá. Bí kò bá sí, yóò gba ti àtijọ́.

Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń kà? Bí a bá ka gb sí lẹ́tà kan gẹ́gẹ́ bí ábídí wa, lẹ́tà 6 ni ó wà nínú Àkùngbá. Kíbọ́ọ̀dù kan a máa kọ á gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo: báìtì 10 ni orúkọ náà yóò jẹ́. Òmíràn a kọ a, a sì fi àmì ohùn tẹ̀lé e: ó di báìtì 13. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan. Kernel sì rí orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti orí ìlẹ̀kẹ̀ kìíní. Bí a bá mú un yára ní ìlọ́po mẹ́wàá, kíákíá ni yóò sọ pé fáìlì mi kò sí.

N kò dá kernel lẹ́bi. Báìtì ni a ní kí ó kà. Láti Linux 5.2, ní 2019, ètò fáìlì ext4 lè ka oríṣi kíkọ méjèèjì sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni yóò yàn án.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tiwa ni èyí tí ó kù. Nígbà tí a fọwọ́ sí àkọtọ́ ní 1974, ohun tí ojú rí ni a ń jà sí: aiye tàbí ayé, ẹiyẹ tàbí ẹyẹ. Àkọtọ́ kejì ti dé tí ojú kò rí. Mo dábàá pé kí a yan ọ̀kan fún gbogbo àkójọ wa, èyí tí Unicode ń pè ní NFC: kí fáwẹ̀lì àti àmì rẹ̀ jẹ́ kóòdù kan níbi tí irú rẹ̀ bá wà, níbi tí kò bá sí, bí ti ẹ́, kí àmì ohùn tẹ̀lé ẹ.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Mo rí orin ìyá náà nígbẹ̀yìn, nítorí pé ẹnìkan tí ó mọ̀ fi ọ̀nà hàn mí. Àwọn tí yóò wá a lẹ́yìn wa lè má rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.