Ilẹ̀ Kò Ṣeé Tọ́ Wò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjù)

Àwa mẹ́ta tí ẹ pè kí a wá sọ̀rọ̀ yìí, ajẹ́ntì ilé àti ilẹ̀ ni wá níhìn-ín ní Ìjù. Méjì nínú wa, orí ìsọ̀ àwọn ìyá wa nínú ọjà ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Nítorí náà, bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá wa wí bí ọmọ.

Ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a sọ ni bí ajẹ́ntì ṣe lè rí oníbàárà láì pariwo ara rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan òun, òun tí òun ń ta gàrí, tí òun ń ta ẹja. Ó kàn yín o! Ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà tí gbogbo ajẹ́ntì ń lé kiri. Owó tí ọ̀pọ̀ yín fi ń ra ilẹ̀, owó ẹgbẹ́ ni, a sì mọ bí ẹ ṣe ń kó o jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná, bó bá lọgun pé tòun ló dùn jù, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ ó ra ẹyọ kan, ẹ ó tọ́ ọ wò. Bí kò bá dùn, ẹ ò ní yà síbẹ̀ mọ́. Gàrí ńkọ́? Ẹ ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹ ó mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣeé tọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á láyé, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa mọ̀ pé kò dára, owó ti lọ. Ìdí nìyí tí ajẹ́ntì tó bá ń pariwo pé òun lòun dára jù kò tíì ṣe nǹkan kan fún yín. Ìtọ́wò ló yẹ kó fún yín, ìyẹn ìmọ̀ tí ẹ ó fi dá ilẹ̀ tó dára mọ̀ fúnra yín kí ẹ tó náwó.

A ò mọ èyí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. A tẹ pósítà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná láti Ṣàngó títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Orúkọ wa tóbi, àwòrán wa tóbi. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í parọ́. (Ẹni tí kì í parọ́, ṣé ó yẹ kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná?) A tún kọ ọ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ là ń tà. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tó ń ta èlùbọ́, rí pósítà náà, ó pè wá. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo ilẹ̀ gbẹ. A mú un débẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó kó o lé tirẹ̀, ó ra púlọ́ọ̀tì kan. Nígbà tó di oṣù keje, omi bo ibẹ̀ dé orúnkún. Búlọ́ọ̀kù tó ti kó síbẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi.

A ò mọ̀ọ́mọ̀ tàn án. Àwa náà ò dé ibẹ̀ nígbà òjò rí. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ wa ò dá owó rẹ̀ padà. A kó owó ajẹ́ntì tí a gbà fún un padà, ìyẹn ò sì tó nǹkan lára ohun tó bá omi lọ. Ọdún méjì gbáko ló fi san gbèsè ẹgbẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò lè kọ́lé sí. Ewédú ló ń gbìn síbẹ̀ báyìí. Ó jókòó láàárín wa níhìn-ín. Ó ní kí a sọ ọ́, kí a ṣáà má dárúkọ òun.

Kò bú wa. Ìbéèrè kan ló bi wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé kí n dúró di ìgbà òjò?"

Lórí ìbéèrè yẹn la fi já gbogbo pósítà tí ọwọ́ wa tó, tí a wá kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá, ojú ewé kan ṣoṣo. Kò sí àwòrán wa níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wa wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ohun tó yẹ kí ẹ bi ajẹ́ntì yòówù, àwa náà pẹ̀lú.

Òjò la fi ṣáájú. Ẹ lọ wo ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí òjò ńlá bá rọ̀. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ wo ara ògiri ilé tó wà nítòsí, ẹ ó rí ibi tí omi dé. Ẹ bi àwọn aládùúgbò. Wọn ò ní owó kankan láti gbà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà, ta ló ń tà á? Ilẹ̀ Àwórì la wà, ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ níbí. Láti ọdún 1959 ni ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀: bí olórí ẹbí ò bá sí nínú títà ilẹ̀ ẹbí, òfo ni títà náà, bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí níbẹ̀, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, ọmọ ẹbí kan ṣoṣo tó wọ agbádá, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kì í ṣe ẹbí o. Ẹ ní kí gbogbo àwọn tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé jókòó lójú yín àti lójú lọ́yà yín.

Ti sọ́fè ló le jù, òun la sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí wọ́n ṣe nígbà tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ wà lórí àlééfà (ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà wa níhìn-ín), fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ìjọba lè ti gba ilẹ̀ kan fún iṣẹ́ ìlú, kí wọ́n ṣì máa tà á fún èèyàn. Ẹ lè dúró lórí ilẹ̀ náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú yín ò ní rí i. Àwọn nọ́ńbà tó wà lára ìwé sọ́fè ni sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ á gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mosàn l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Kí sọ́féyọ̀ náà jẹ́ tiyín, kó má jẹ́ ti ẹni tó ń tà. Ẹ má sì sanwó tán kí èsì tó dé.

Ẹ tún bèèrè ohun tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa gbà nígbà ìpìlẹ̀, nígbà dẹ́kìn, nígbà òrùlé. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ ní ọdún 2016 wà, ìjìyà tó wà nínú rẹ̀ sì le gan-an. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá yín sùn lórí ilẹ̀. Ẹ bèèrè ṣáájú.

A pín ìwé yìí nínú ọjà. Ṣé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni oníbàárà wá? Rárá o. Ó lé ní oṣù mẹ́fà kí ẹni àkọ́kọ́ tó pè wá. Àwọn kan gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ajẹ́ntì mìíràn. Ó dùn wá, a ò ní purọ́. Àwọn ajẹ́ntì ẹlẹgbẹ́ wa bínú, wọ́n ní a ń ba ọjà jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí Canaanland ní 1999, tí Covenant University sì tẹ̀lé e ní 2002, ilẹ̀ agbègbè yìí ti di wúrà, ajẹ́ntì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju púlọ́ọ̀tì lọ. Wọn ò fẹ́ kí oníbàárà mọ ìbéèrè tí yóò bi wọ́n.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá, ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló gbé wá fún wa. Ó kàn fẹ́ kí a bá òun wo ìwé rẹ̀ ni. A bá a wá sọ́féyọ̀; èsì dé pé ilẹ̀ ìjọba ni. A ní kó má rà á. A ò gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó mú àbúrò rẹ̀ wá, àbúrò mú ọ̀gá rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn.

Kì í ṣe àwa la dá irú èyí sílẹ̀. Ní ọdún 1900, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, àwọn Michelin tó ń ṣe táyà, tẹ ìwé kékeré kan, wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn onímọ́tò. Ibi tí wọ́n ti lè rí epo, ibi tí wọ́n lè sùn, ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà á rìn jìnnà, táyà rẹ̀ á jẹ, á sì wá ra òmíràn. Àwọn náà ń wá owó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé náà wúlò fún ẹni tí kò ra táyà wọn rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí wé bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ àti ìrẹsì tí àwọn kan fi ń kó èèyàn lọ wo ilẹ̀. A ti bá wọn lọ rí, ìrẹsì náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jẹun tán, kí lẹ tún mọ̀ nípa ilẹ̀ náà tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ojú a sì máa ti èèyàn láti bèèrè sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lẹ́ran.

Ìwé pélébé náà wà lórí tábìlì akápò. Ẹ mú méjì méjì. Fún àwọn tí kò lè kàwé, a ti sọ ọ́ sínú fóònù, àwọn ọmọ yín lè gbà á lórí WhatsApp. Ní Sátidé tó bá tẹ̀lé òjò ńlá àkọ́kọ́, a ó lọ wo ilẹ̀ márùn-ún, mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ wa àti méjì tí kì í ṣe tiwa. Kò sí ìrẹsì o. Ẹ wọ bàtà òjò. Ìyá elélùbọ́ ti ní òun á bá wa lọ, òun ló sì máa ṣáájú.