Ojú L'Ọ̀rọ̀ Wà: Ìsinmi Lábà Láìsí Fóònù

Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ti wọlé dé. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò pọ̀: bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí abà ní oṣù kẹjọ, ẹ pa fóònù yín. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé inú ẹ̀rọ ni èmi pàápàá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ fara balẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, èyíinì ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé bí ẹ bá ń dá mi lóhùn láti ìsinsìnyí di ọ̀la, n kò lè gbọ́. Síbẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ ọ a máa jókòó pọ̀, wọn a sì máa bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí ó sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn ní ọdún 1959: ẹ̀rọ kan ṣoṣo, èrò rẹpẹtẹ. Ẹni tí kò ní tirẹ̀ a lọ wò ó nílé ẹni tí ó ní. Láti ọdún 2001, tí fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, ni nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé, ènìyàn mẹ́fà, ẹ̀rọ mẹ́fà. Bàbá sọ̀rọ̀, ọmọ kò dáhùn. Ọmọ bèèrè nǹkan, ìyá ní "hẹn-ẹn", kò gbé ojú sókè. Ẹnikẹ́ni kò bínú, kò sì sí ìjà. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ti di asọ̀rọ̀mágbèsì nínú ilé ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá, ojú ni a fi ń kọ́ ọ. Bí ọmọdé bá bá ìyá rẹ̀ lọ kí ènìyàn, tí onílé sì ní kí ó wá jẹun, ojú ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ wò. Ìyá kò ní la ẹnu. Ọmọ yóò sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó." Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ọmọ tí ó mọ ojú. Mímọ ojú kò sì mọ sórí oúnjẹ. Ìyá àgbà tí ara rẹ̀ kò yá kì í fẹ́ pariwo, kí ó má baà kó ìdààmú bá àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá wo ojú rẹ̀ ni yóò mọ̀. Bàbá tí kò rí owó ilé-ìwé san kì í kéde rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lè máa fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kò mọ ojú yóò kọjá lára gbogbo wọn, kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan nílò òun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò fẹ́ ohun tuntun ni mo ń sọ. Ní ọdún 2014, Yalda Uhls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA ní ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣàkíyèsí ọmọ ilé-ìwé 51, tí wọ́n tó bí ọmọ ọdún 11 sí 12, tí wọ́n lọ gbé ọjọ́ 5 ní àgọ́ kan lẹ́yìn ìlú, láìsí fóònù, láìsí amóhùnmáwòrán, láìsí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi wọ́n wé ọmọ 54 tí wọn kò lọ. Wọ́n fi àwòrán ojú ènìyàn han gbogbo wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ bóyá inú ẹni náà dùn, tàbí ó bàjẹ́, tàbí ẹ̀rù ń bà á. Nígbà tí ọjọ́ 5 pé, wọ́n tún dán wọn wò. Àwọn tí wọ́n lọ sí àgọ́ tẹ̀síwájú nínú mímọ ojú ju àwọn tí wọn kò lọ. Lóòótọ́, a kò lè sọ pé àìsí fóònù nìkan ni ó ṣe é, nítorí pé àwọn ọmọ náà jọ ń rìn, wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ṣùgbọ́n irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù ń gbà lọ́wọ́ wa nílé.

Àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí igbó. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tiwa yìí ni apá kan igbó ọba Ọmọ wà, èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní ọdún 1977. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀. N kò ní kí ẹ dá kó ọmọ wọ ibẹ̀ o. Erin kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, àwọn tí ń ṣọ́ igbó ni ó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí. Abà bàbá yín tó. Oṣù kẹjọ sì dára fún un, nítorí pé òjò a máa dá díẹ̀, àgbàdo àti iṣu tuntun a sì wà lóko.

Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Èkíní, kí àgbà kọ́kọ́ pa tirẹ̀. Bàbá tí ó gba fóònù ọmọ, tí ó wá jókòó sídìí ọ̀pẹ tí ó ń tẹ tirẹ̀, kò kọ́ ọmọ náà ní ohunkóhun, àfi pé ẹni tí ó lágbára ni ó ń gba ti ẹni tí kò lágbára. Èkejì, ẹ sọ fún ará ilé àti àwọn oníbàárà yín kí ẹ tó lọ, kí wọn má baà máa dààmú. Ẹ mú fóònù kan ṣoṣo dání, ẹ pa á, ẹ fi í sínú àpò nítorí àìsàn tàbí ejò. Ẹ wọ bàtà, ẹ sì mú àwọ̀n ẹ̀fọn lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ jókòó lásán. Ní ọjọ́ kìíní, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa lọ sápò, yóò sì máa kùn pé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ẹ fún un níṣẹ́: kí ó ṣa igi ìdáná, kí ó bá yín bó àgbàdo. Ẹ bi í ní orúkọ igi: èwo ni ìrókò, èwo ni àràbà, èwo ni orógbó? Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ̀, ẹ jọ lọ bi bàbá àgbà. Ojú rẹ̀ yóò tàn bí ẹ ti ń bèèrè, ọmọ yóò sì rí i.

Nígbà tí ó bá di alẹ́, ẹ pa àlọ́. Àlọ́ kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì rárá. Bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o!", tí kò sí ẹni tí ó ní "Ààlọ̀!", àlọ́ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dá orin, àwọn tí ń gbọ́ ni yóò máa gbè é. Ojú wọn ni ó sì ń wò: bí oorun bá ń kun ọmọdé, a gé àlọ́ kúrú, bí ẹ̀rù bá ń bà á, a mú Ìjàpá wọlé kí ó lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Fóònù wúlò, a ó sì padà sídìí rẹ̀. Òun ni a fi ń fi owó ránṣẹ́, òun ni a fi ń gbúròó ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ohun kan bọ̀ láti abà: bí ẹ bá ń jẹun alẹ́, kí fóònù gbogbo ilé wà nínú agbọ̀n kan. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wo ojú ìyá yín dáadáa lálẹ́ òní. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i; ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì dé abà, ẹ pa rédíò náà pẹ̀lú, kí èmi náà dákẹ́. N kò ní bínú. Ó dàárọ̀ o.