Ẹ̀kọ́ Ìwà Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Ẹlẹ́sìn Sikh



Ilẹ̀ Punjab, tí Íńdíà àti Pakistan jọ pín lónìí, ni ẹ̀sìn Sikh ti ṣẹ̀. Guru Nanak, ìyẹn Olùkọ́ Nanak, tí a bí ní 1469 tí ó sì kú ní 1539, ni ó dá a sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni òpó ẹ̀kọ́ rẹ̀: kí ènìyàn máa rántí Ọlọ́run nígbà gbogbo, kí ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ jẹun, kí ó sì pín nínú èrè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìtàn kan wà tí àwọn Sikh fi ń kọ́ ọmọ wọn. Ọlọ́rọ̀ kan se àsè, ó ránṣẹ́ pe Nanak, ṣùgbọ́n ilé Lalo, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò ní láárí, ni Nanak ti ń jẹun. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó mú búrẹ́dì àwọn méjèèjì, ó fún wọn: wàrà ni ó ń kán láti inú ti Lalo, ẹ̀jẹ̀ láti inú ti ọlọ́rọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló a máa ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a tà á láwìn, wọn a sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Àwọn ènìyàn pè wọ́n ní aláìláàánú. Síbẹ̀, gbogbo ayé ni ó mọ orísun owó wọn.

Lónìí ńkọ́? Bí ọ̀dọ́ kan bá gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wọ̀lú, àga iwájú ni a ń gbé fún un. Àgbà tí ó yẹ kí ó béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀bùn ni ó ń retí. Ọmọ iléèwé tí ó rí èyí, kí ni a fẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ wí fún un? Ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora.

Ẹ̀yin tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lè ti rí ilé ìjọsìn Sikh ńlá tí ó wà ní Southall, èyí tí wọ́n ṣí ní 2003. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní langar wà fún gbogbo ẹni tí ó bá wọlé, ìbáà ṣe Kristẹni, Mùsùlùmí tàbí abọ̀rìṣà. Wọn kì í fi ẹran sí i, kí ẹ̀sìn má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àṣà wọn ni pé kí olówó àti tálákà jókòó pọ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ kan náà.

Èmi kò wí pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Àbá mi ni pé, níbi ìkówójọ wa tí ń bọ̀, kí a mọ iṣẹ́ ọwọ́ olówó kí a tó gba owó rẹ̀, kí télọ̀, àgbẹ̀ àti bíríkìlà sì bá a jókòó ní iwájú.

Ọlọ́run yóò gbé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lékè.