ADÌẸ KÌ Í BÉÈRÈ ẸNI TÓ YÉ ẸYIN

(Ìwàásù tí a ṣe ní Iníṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a sì fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n)

Bíbélì kíkà: Mátíù 23:37, Rúùtù 4:13-17, Jeremáyà 17:11

Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Pásítọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ adìẹ lónìí." Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Jésù gan-an fi ara rẹ̀ wé adìẹ. Nígbà tó ń dárò Jerúsálẹ́mù nínú Mátíù 23, kò pe ara rẹ̀ ní kìnnìún, kò pe ara rẹ̀ ní idì. Àgbébọ̀ tó fẹ́ kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́ ló fi ara rẹ̀ wé.

Ní Iníṣà níbí, ta ni mo fẹ́ kọ́ ní adìẹ sísìn? Ẹ̀yin ìyá wa lẹ mọ̀ ọ́n. Bí àgbébọ̀ bá yé ẹyin tán, ara rẹ̀ á gbóná, á wú ìyẹ́, á máa sàba. Ọjọ́ 21 gbáko ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dìde lóòjọ́, á sáré jẹun, á sáré mu omi, á padà sórí ẹyin. Bó bá fi máa parí, ó ti rù hangogo. Ẹ wá kó ẹyin tirẹ̀ kúrò, kí ẹ kó ẹyin awó sí i. Àwọn àgbà wa ti ń ṣe é tipẹ́, torí awó kì í fẹ́ jókòó lé ẹyin tirẹ̀ dáadáa nínú ilé. (Ẹ má pò wọ́n mọ́ra wọn o. Bí ẹyin adìẹ bá kọ́kọ́ pa, á kó ọmọ jáde, ẹyin awó á kú síbẹ̀.) Ẹyin awó kì í pa lọ́jọ́ 21. Ọjọ́ 26 sí 28 ni. Àgbébọ̀ yìí ò sọ pé, "Ìgbà tèmi ti pé, mo ń lọ." Ó jókòó tì í. Ó fi bí ọ̀sẹ̀ kan kún ìyà tirẹ̀ nítorí ọmọ tí kò jọ ọ́ rárá. Ṣé ẹ gbọ́ mi? (Ìjọ: A gbọ́!)

Adìẹ àgíríìkì kò lè ṣe èyí. Á yé ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yan irú rẹ̀ láti ìran dé ìran kó má baà sàba mọ́, torí adìẹ tó bá ń sàba kì í yé. Ẹ̀rọ ló ń bá a pa ọmọ. Àwọn ìjọ kan wà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Ọwọ́ ìyàwó bàbá mi ni mo ti kọ́ èyí tó kù. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi kú, tí wọ́n kó ẹrù mi sí yàrá rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ pa àgbébọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìkìrun, òròmọdìẹ mẹ́fà tí kò tíì pé ọjọ́ méjì ń ké kiri. Àgbébọ̀ mìíràn wà nínú ilé ìdáná wa tí ẹyin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa. Mo sáré kó àwọn ọmọ náà, mo fẹ́ lọ tì wọ́n sábẹ́ rẹ̀. Màmá ní, "Rárá. Bó bá rí wọn lójú ọ̀sán, á ṣá wọn lórí. Dúró di alẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kò tan fìtílà. Ó di àwọn òròmọdìẹ náà sínú ìró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tì wọ́n bọ abẹ́ ìyẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra yọ ọwọ́. Adìẹ náà kùn díẹ̀, ó sún ara, ó dákẹ́. Màmá ní, "Ó ti gbà wọ́n." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ mọ́kànlá ló kó jáde, márùn-ún tirẹ̀, mẹ́fà ti olóògbé. Èmi ni mo ń kà wọ́n. Adìẹ ò kà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo adìẹ ló ń gbà! Èyí tí kò tíì sàba rárá, bí ẹ bá ti ọmọ ọlọ́mọ sí i lábẹ́, á pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé kì í ṣe àánú ojú ẹsẹ̀ la fi ń gba ọmọ ọlọ́mọ. Ọkàn rẹ gbọ́dọ̀ ti jókòó níwájú Ọlọ́run. Àwọn kan á ní kí obìnrin tó ń wá ọmọ lọ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, pé ọmọ á pe ọmọ. Bí ọmọ tirẹ̀ bá wá dé ńkọ́? Ó di pé kí a dá ti àkọ́kọ́ padà! Ọmọ kì í ṣe ìjẹ ẹja o.

Òròmọdìẹ náà ní ipa tirẹ̀. Bó bá ti dàgbà díẹ̀ kí ẹ tó mú un wá, tí etí rẹ̀ ti mọ ohùn ìyá mìíràn, á máa sá. Irú rẹ̀ lèmi. Mo sá fún obìnrin yìí fún ọdún méje. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, lójú àwọn aládùúgbò, mo sọ fún un pé, "Ìwọ kọ́ lo bí mi!" Ó ń bu oúnjẹ lọ́wọ́. Ó bu ọbẹ̀ sí tèmi, ó ní, "Jẹun, kó má tutù."

Ó ti kú. N kò bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. Mo rò pé àyè ṣì wà. (Ìjọ dákẹ́.)

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ti pẹ́pẹ́yẹ. Bí àgbébọ̀ bá pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ọjọ́ tí wọ́n bá rí omi, wọ́n á bọ́ sínú rẹ̀. Á máa sá sókè sódò létí omi, á máa ké, ó rò pé wọ́n ń kú lọ ni. Wọn kò kú, Ọlọ́run dá wọn fún omi. Ọmọ tí ẹ gbà tọ́ lè ní ẹ̀bùn tí kò sí nínú ìdílé yín. Bó bá ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ má sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń dà á láàmú." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán lára ọmọ.

Ẹnìkan á ní, "Pásítọ̀, Jeremáyà 17 ńkọ́? Àparò tó sàba lé ẹyin tí kò yé, ṣebí kò gbẹ̀yìn sí rere." Ẹ ṣeun. Ẹ ka ẹsẹ náà tán. Ẹni tó fi ọ̀nà èrú kó ọrọ̀ jọ ni Jeremáyà ń bá wí. Ta nìyẹn láàárín wa? Ẹni tó lọ sí abúlé, tó ṣèlérí fún opó pé òun á rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé, tó wá gbé igbá omi inú ọ̀rá lé e lórí ní gáréèjì Òṣogbo. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 pàápàá kọ̀ ọ́ pé kí a máa lo ọmọdé fún kíkiri ọjà lójú títì. Ọmọ tìrẹ wà ní kíláàsì, ọmọ ọlọ́mọ wà nínú oòrùn. Ìwọ kọ́ ni àgbébọ̀. Àparò ni ọ́!

Náómì gbé Óbẹ́dì sí àyà rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì ní Náómì ti bímọ. Òun kọ́ ló lóyún rẹ̀. Ọmọ yẹn ló di bàbá bàbá Dáfídì.

Ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ọmọ tí ẹ kò bí wà nílé yín, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin olùwòran, bó bá wà nítòsí, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí. Bó bá ṣì wà níta tó ń ta ọjà lálẹ́ yìí, ẹ rán ènìyàn lọ pè é, mo dúró. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́, tí ẹni tó tọ́ yín ṣì wà láàyè, ẹ lọ bá a kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ kàn jókòó tì í.

Ó yá, ẹ pe ọmọ náà níwájú Olúwa. Kì í ṣe "ọmọ ọ̀dọ̀." Kì í ṣe "ọmọ orogún." Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni kí ẹ pè. Ẹ gbé ohùn sókè!