Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì sanwó ẹ̀rọ yẹn

Admin yín ni. Ìyá Ìbejì wa tó ń ṣe ìkòkò ní Suleja ló bi mí lánàá nípa ẹ̀rọ tó ń po amọ̀, pug mill. Mà, ẹ má tíì san àsansílẹ̀ o.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara mọ́tò rẹ̀. Tó bá jẹ́ three-phase, tí iná ilé yín sì jẹ́ single, kò ní yí. Èmi náà ra ẹ̀rọ ata bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́.

Ẹ bi wọ́n bóyá ó ní pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Tí kò bá ní, ọwọ́ lẹ ó tún fi po amọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó mọ ọ́n. Amọ̀ funfun ló ń fẹ́ stainless, torí ìpẹtà máa ń bà á jẹ́. Amọ̀ pupa tiyín ò nílò ìnáwó yẹn.

Àjẹkù amọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́ sómi, ìgbà yẹn ló máa ń yọ́ kíá. Ẹ ṣa POP kúrò, ó máa ń bẹ́ lára ìkòkò tẹ́ ẹ ti sun tán. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ tó bá ń yí, ẹ jọ̀ọ́.

Oníṣẹ́ iná tó ṣeé fọkàn tán ní Suleja dà? Ẹ kàn sí mi ní inbox.