A Kì í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń bójú tó ètò ààbò ní ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, ní Ìkẹjà

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, tí oorun ṣì wà lójú yín. Mo kí ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ pa ọkọ̀ tì nítorí ìpàdé yìí. N kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí iná bá jó ẹnìkan nínú wa, ohun tí a máa ń sọ ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba: púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, àfọwọ́fà ènìyàn ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 180,000 ènìyàn ni ìjóná ń pa lọ́dọọdún, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ ni ó sì ti ń pa èyí tó pọ̀ jù. Ṣé iná ìlú olówó kì í jóni ni? Ó ń jóni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é, wọ́n sì ń pa òfin náà mọ́. Àwa náà ní òfin. Pípa á mọ́ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Odógunyàn kò jìnnà sí wa, Ìkòròdú níbí ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kan níbẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó ju ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ lọ tí kò padà sílé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, ní ilẹ̀ Thailand, 188 òṣìṣẹ́ ló kú nínú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Níbẹ̀ náà, ilẹ̀kùn títì wà lára ohun tó pa wọ́n.

Bí ẹ bá bi ọ̀gá léèrè ìdí tó fi ń tilẹ̀kùn, á ní kí ọjà má baà sọnù ni. Ọjà tó sọnù, a lè ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi àgádágodo sí i, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ sùn, ó ti rú òfin.

Ẹ̀yin awakọ̀, ó kàn yín. Gbogbo wa la rántí Abúlé Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006. Àwọn olè lu páìpù epo, epo ń ya, àwọn ènìyàn gbé kẹ́ẹ̀gì àti korobá jáde. Ó ju igba ènìyàn lọ tí iná jó pa. Ní Májíyà, ìpínlẹ̀ Jígáwá, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo kan dojú dé, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: ó ju 150 ènìyàn lọ tó kú. Ẹ má sọ pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ebi àti ọ̀wọ́n epo ló ń lé ènìyàn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí: ooru tó ń jáde lára bẹntiróòlù kò ṣeé fojú rí, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá lọ, títí yóò fi bá iná pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ iná ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ẹ bá rí epo tó ń ṣàn nílẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sá.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan tí bíréèkì rẹ̀ já dáná sílẹ̀ ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ó ju àádọ́ta ọkọ̀ lọ tó jóná. Bí bíréèkì kò bá dára, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde. Bí olówó ọkọ̀ bá ń fipá mú yín, ẹ wá sọ fún ẹgbẹ́.

Nínú ilé wa ńkọ́? Ẹ má bu kẹrosíìnì sí sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́. Ẹ má ra èyí tó ń rùn bíi bẹntiróòlù, torí èyí tí wọ́n lú ló ń bú gbàmù. Ẹ̀yin tó ń lo gáàsì, omi ọṣẹ ni ká fi yẹ ibi tó ń jò wò, kì í ṣe ìṣáná.

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, omi bọ́ílà bó ọmọkùnrin kan láti èjìká dé ọwọ́. Èmi wà níbẹ̀. A fi ọ́ìlì mọ́tò kùn ún, ẹnìkan sáré lọ ra ẹyin. Ẹ̀rọ omi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ọgbẹ́ náà kẹ̀. Títí di òní, ọwọ́ náà kò ṣeé nà tán. A fẹ́ràn rẹ̀, àìmọ̀ wa ló ṣe é léṣe.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí aṣọ bá gbiná lára yín, ẹ má sáré. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ máa yí gbirigbiri. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kí ara tó wú, ṣùgbọ́n ẹ má fa aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ ara. Omi tútù tó mọ́, tó ń ṣàn, ni kí ẹ dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi dídì. Bó bá jẹ́ ásíìdì tàbí sódà ló dà sí ara, kí omi náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹyin, ògì, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bí ara bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀ka ìtọ́jú ìjóná wà ní Gbàgádà. Nọ́ńbà tí a fi ń ké pe ìjọba Èkó ni 767 tàbí 112.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ìwé. Òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san owó rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Ẹni tó farapa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ọ̀gá náà fi tó àjọ létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ má gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà níkọ̀kọ̀ kí ẹ sì dákẹ́.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí. Èkíní, kí aṣojú wa máa yẹ gbogbo ilẹ̀kùn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí ẹ̀rọ omi wà nítòsí gbogbo bọ́ílà àti gbogbo ibi tí a ti ń lo kẹ́míkà. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ ènìyàn méjì nínú ṣíìfù kọ̀ọ̀kan bí a ti ń pa iná àti bí a ti ń tọ́jú ẹni tó jóná. Ẹnìkan ò lè dá a béèrè kí wọ́n má dá a dúró níṣẹ́. Bí gbogbo wa bá jọ béèrè, wọ́n á gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ má jẹ́ ká sùn.